Òdòdó Tó Kúrò Lójú Tíṣà Madiha

Ìlú Básírà, ilẹ̀ Iraq,
Ọjọ́ Àìkú.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí òtútù ilẹ̀ Sweden má sì tíì wọ inú eékún yín. Èmi náà wà dáadáa. Ẹ ní èdè wa ni kí n máa fi kọ̀wé sí yín. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò pupa sílẹ̀ títí ẹ ó fi kà á tán, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá àṣìṣe ìwé kíkọ.

Tíṣà Madiha tó kọ́ yín ní ìṣirò ti fẹ̀yìn tì. Ilé ìwé gbé ìwé ìrántí rẹ̀ wá fún ẹ̀gbọ́n yín, Bọ̀dá Jawad, ní ilé ìtẹ̀wé, pé kó bá wọn tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá sì ní èmi ni kí n to ojú ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn débi pé n kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Àdéhùn kan péré ló wà níbẹ̀. Tíṣà ò lọ́kọ, ilé àbúrò rẹ̀, Àlàájì Sabri, ló ń gbé. Àlàájì ní òdòdó ni kó wà níbi tó yẹ kí ojú ẹ̀gbọ́n òun wà nínú fọ́tò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn obìnrin ilé wọn. Bí ojú náà bá fi lè wọ inú ìwé tí ọkùnrin gbogbo ń ṣí, kí ẹ̀gbọ́n òun wá ilé mìíràn tí yóò ti lo ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ojú tí gbogbo ẹlẹ́ja etí odò ń kí láràárọ̀ ni o. Mo bi Bọ̀dá pé kí ló wá kù tí wọ́n ń bò. Ó ní, "Ọmọ òkè òkun, to ojú ìwé, má to ìlú."

Ilé ìtẹ̀wé wa kì í gé ojú obìnrin kúrò nínú fọ́tò. Bọ̀dá kàn máa ń gbé òdòdó lé e lórí ni, bí ìgbà tí èèyàn da aṣọ bo oúnjẹ, nítorí àwọn ẹbí máa ń yí ọkàn padà. Ojú wà nísàlẹ̀, òdòdó wà lókè, èèyàn sì lè fi èyí tó bá wù ú pamọ́. Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà wọ ojú ìwé, àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè èyí tí mo fẹ́ kó hàn. Mo yan òdòdó. Bọ̀dá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára.

Ẹ̀yìn èyí ni Bọ̀dá rí i pé ọrùn aṣọ Tíṣà ṣókùnkùn. Ó fi òdòdó pamọ́ kó lè ráyè tún un ṣe, ó sì gbàgbé láti dá a padà. Bí mo ṣe fi fọ́tò tuntun yìí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, àpótí náà tún yọ: ṣé kó di ohun tí mo ti yàn mú, àbí kó tẹ̀ lé bí ẹni tó ṣe fọ́tò ṣe fi í sílẹ̀? Níbi tí mo ti kàwé, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe fọ́tò ni abẹ gé. Mo yan ìkejì. Kọ̀ǹpútà wa sì ń falẹ̀. Kí iṣẹ́ lè yá, mo ti ní kó máa fi àpótí aláwọ̀ eérú lásán hàn mí dípò fọ́tò. N kò rí nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, a kó ìwé lọ sí ilé ìwé. Tíṣà àti Àlàájì ti jókòó sí ọ́fíìsì tí Tíṣà ò tíì kó kúrò níbẹ̀, Àlàájì ń mu tíì. Èmi ni mo já páálí, èmi náà ni mo ṣí ti àkọ́kọ́ níwájú wọn. Màmá, Tíṣà Madiha ni mo rí nínú fọ́tò, tojú timú, tòun ti èjí ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ṣí òmíràn, òun ni. Mo ṣí òmíràn, òun náà ni. Ife tíì Àlàájì dúró, kò dé ẹnu, kò padà sórí àwo. Ohùn rẹ̀ ò ga rárá nígbà tó béèrè pé ta ló yọ òdòdó.

Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni. Tíṣà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́, Sabri. Ọmọ ta ni òdòdó kọ́ ní ìṣirò nílùú yìí? Ìwọ gan-an, ta ló kọ́ ọ?"

Àlàájì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó mú ìwé kan, ó fi há abíyá, ó jáde. N kò tíì rí àgbàlagbà tó purọ́ tí ojú rẹ̀ ò ṣẹ́ bíi ti Tíṣà rí.

Mo sunkún, mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Tíṣà ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́, ọmọ mi, ẹnu mi ò gbà á. Ìwọ bá mi sọ ọ́ láìmọ̀."

Títí di òní, Àlàájì ò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò lé e, kò sì ní kí wọ́n kó ìwé padà. Àwo ìrẹsì kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni tó wà nínú ìdánwò. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, á ṣí ìwé náà díẹ̀, á sì pa á dé kíá.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ yín, kó sì jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́, kó má jẹ́ inú fọ́tò nìkan.

Èmi ni ọmọbìnrin yín tó ṣì ń kọ́ èdè yín,
Rihab.

Mo tún rántí: ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí Tíṣà kọ́ ló kàn láti tẹ̀. Fọ́tò tiyín wà níbẹ̀, ẹ wọ aṣọ ilé ìwé. Òdòdó wà lójú yín. Bọ̀dá ló fi síbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Àpótí kékeré yẹn ti yọ, ó ń béèrè. Mo ti gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi, èwo ni kí n yàn: ojú yín ni àbí òdòdó?