Ìṣó Tó Wà Nínú Bàtà Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Bùrọ̀dá Múfútáù, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ bá mi kí Àǹtí Sìkírátù ní Ìkàrẹ́, tó bi mí pé ṣé torí àtigé èékánná ẹsẹ̀ òyìnbó ni mo ṣe sọdá òkun. Ẹ sọ fún wọn pé wọn ò kúkú parọ́.

Bàbá, ẹ má bínú pé gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní ara yín le, tí ẹ sì gbé fóònù fún Màmá.

Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀, ara mi ò balẹ̀. Mo kọ ìwé wáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ìrírí ni gbogbo wọn ń béèrè. Níbo lẹni tí kò tíì ríṣẹ́ ti fẹ́ rí ìrírí? Ìwé ìgbélùú mi sì ń parí lọ. Bí iṣẹ́ ò bá sí, ilé yá nìyẹn. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá, á kàn máa ṣẹ́ wìnnìwìnnì látàárọ̀, èmi náà á sì máa rìn yí yàrá ká bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Bí mo bá tẹ ẹ̀bà, èmi nìkan ni, orí ìdúró ni mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòsàn kékeré kan létí òkun pè mí wá fún ìdánwò iṣẹ́. Wọ́n mú bàbá arúgbó kan jókòó síwájú mi, wọ́n ní kí n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ó dijú. Mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń dán an wò bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan lára kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi bíi mélòó kan. Bó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan. Mo kan àtàǹpàkò, mo kan gìgísẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tó lajú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ apẹja lòun fi gbogbo ayé òun ṣe, ẹsẹ̀ òun ti le kọjá ohun tí okùn lásán lè dà láàmú.

Bàbá, mo gbé okùn náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ni mo rí.

Ẹ ṣì rántí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn? Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ẹ ti oko sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta wá tààrà sí mọ́ṣáláṣí, èmi ni mo bu omi àlùwàlá fún yín. Bí ẹ ṣe bọ́ bàtà, ẹ̀jẹ̀ ni. Ìṣó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọ ẹsẹ̀ yín, ẹ sì ti rìn lórí ẹ̀ láti oko láìmọ̀. Àwọn èèyàn pariwo pé akọni ọkùnrin! Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ yín ní Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, ẹ sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Èmi náà fi yangàn níléèwé.

Kì í ṣe agbára, Bàbá mi. Àtọ̀gbẹ tí dókítà wá rí lára yín lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ó ti ń pa ẹsẹ̀ yín kú díẹ̀díẹ̀. Ọdún kejì ẹ̀kọ́ mi ni mo ti mọ̀. Mo dákẹ́, torí n kò fẹ́ gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ yín.

Mo sunkún níwájú àwọn tó ń dán mi wò, mo sì sọ ìtàn ìṣó náà fún wọn. Mo gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Ọ̀gá wọn obìnrin kàn bi mí pé kí ni bàbá mi sọ nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Mo ní n kò tíì ṣàlàyé.

Lánàá ni wọ́n pè mí pé wọ́n gbà mí síṣẹ́, alihamudulilai. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n máa jó, àmọ́ n kò lè jókòó gan-an. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì fẹ́ lọ máa tọ́jú yìí.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí Bàbá bá kírun tán, kí wọ́n dijú. Ẹ fi orí ìka yín rọra kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, ẹ má tẹ̀ ẹ́: àtàǹpàkò, ti àárín, èyí tó kéré jù, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ. Bí ẹ bá kan ibi méjì tí wọ́n dákẹ́, kí Bùrọ̀dá gbé wọn lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n sì máa gbọn bàtà wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí wa n'Ìwàrò-Ọ̀kà, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe bàbá mi ní Ẹlẹ́sẹ̀-Irin mọ́.

Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹ èrè iṣẹ́ yìí pẹ́. Gbogbo ọmọ ló ń gbàdúrà kí nǹkan kan má dun bàbá òun. Bàbá mi, èmi ń bẹ Ọlọ́run kí ẹsẹ̀ yín dùn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyátù