Ọ̀pẹ Rẹ Ni Wọ́n Ní Ó Ń Paná Ìlú

Ìkọ̀yà,
Oṣù Kẹfà, 1972.

Lérè ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà n'Íbàdàn níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Olúwa tó dá ẹ̀mí wa sí di àkókò òjò yìí yóò dá tìrẹ náà sí, òjò ibi kò ní rọ̀ lé ọ lórí, àmín. Ara èmi baba rẹ le, ara ìyá rẹ náà le, inú ló kàn ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí wọ́n mú wá sí ìlú wa ni. Lérè, iná yìí ń bẹ̀rù òjò! Kí ojú ọ̀run kàn ṣú báyìí, ó ti sá lọ. Àtùpà tí mo ń tàn láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ kò béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá òjò ń rọ̀. Nígbà tí iná lọ lóṣù tó kọjá, àwọn oníná ní omi ló wọ ọ́. Ohun tí omi bá wọ̀, ṣé kì í ṣe pé kí a gbẹ ẹ́ ni? Mo bá tú gílóòbù, mo tò ó mọ́ pupuru ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ ń yan lórí àjà òkè ààrò, kí èéfín gbẹ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí iná padà dé, gbogbo ilé mọ́lẹ̀, tiwa dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Ìjì jà lọ́jọ́ Àìkú, iná lọ, kò tíì dé di òní. Àwọn oníná wá láti Òkìtìpupa, wọ́n wòkè wòkè, wọ́n ní ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ni, pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, imọ̀ rẹ̀ a máa lu wáyà. Pé àfi kí àwọn gé e lulẹ̀ kí iná tó lè padà! Ọ̀pẹ tí mo sin ìwọ́ rẹ sí ìdí rẹ̀! Ọ̀pẹ tí a ta epo rẹ̀ rán ọ níwèé! Mo ní ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀pẹ ni àbí wáyà? Mo ní bí atẹ́gùn ló jẹ̀bi, kí wọ́n lọ mú atẹ́gùn.

Mùtàlíbù aládùúgbò wa, tó ń ta mínírà tútù nínú fìríìjì, wá bẹ̀ mí títí, ó ní gbogbo ọjà òun ti gbóná. Ìyá rẹ náà, tó bí ọ, ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó dùn mí wọra.

Ọ̀gá àwọn oníná wá ní àwọn ò lè gé e bí olóhun kò bá gbà. Mo ní ó parí! Èmi kọ́ ni mo ni ín. Lérè ló ni ín, Ìbàdàn ló wà, ọdọọdún ló ń ní òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésì. Ojú gbogbo èrò ni mo ti sọ ọ́. Wọ́n bá kó àáké wọn, wọ́n lọ.

Nítorí náà, wá owó díẹ̀ fún wa ká fi ra kẹrosíìnì àti òwú àtùpà. Má fi rán ẹnikẹ́ni o, ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un wá. Olúwa yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, iná ilé tìrẹ kò ní kú láéláé. Bí o bá dé, o lè gé ọ̀pẹ náà, o sì lè wá jókòó tì mí ní ìdí rẹ̀, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé gbogbo Ìkọ̀yà ló wà nínú òkùnkùn báyìí, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè.

Èmi ni baba rẹ,
Adésànyà.