Eyín Tó Ń Fọ́ Mi Lórí

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́, Adja-Ouèrè

Eyín ni. Oṣù kan gbáko tí orí fi ń fọ́ mi, tí mo ń lo oògùn ibà, eyín ọgbọ́n tó ń hù gbẹ̀yìn ló wà nídìí ẹ̀. Dókítà ki ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó tẹ ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo pariwo. Ó ní ó hù dábùú, ó ń ti eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìrora ibẹ̀ ló ń gòkè lọ sí orí. Wọ́n máa yọ ọ́ ní Pobè lọ́jọ́ Ajé.

Ó rẹ̀ mí. Inú mi ò sì dùn.

Nítorí orí yìí ni mo ṣe lé ìyá ọkọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń pa ẹkùrọ́ lẹ́yìn ilé, òkúta ń dún gbà, gbà. Mo bá jáde, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ pa á nílé yín ní Massè." Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Láti ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ti gun sẹmíjàn, alùpùpù akérò, lọ bá wọn lónìí. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eyín.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, eyín kọ́ ló sọ̀rọ̀ sí mi."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n bu iyọ̀ sí i, wọ́n ní kí n fi ṣan ẹnu. Ó ta mí gan-an.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bóyá wọ́n máa padà wá. Mo ní mi ò bi wọ́n. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi wọ́n?