Ọmọ Aránbàtà Tó Ń Sáré Láìwọ Bàtà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó nínú ìsọ̀, ẹ kú iṣẹ́ awọ, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Láti Igbotako níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Àdùkẹ́, àbúrò mi, o kú làálàá, ìwọ tó ń ru ọ̀rọ̀ lọ ru ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín èmi àti Bàbá.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ di gbajúmọ̀ ni mo fi gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Bàbá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò gbé ìpè mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú yín kò ti rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ kà mọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àdùkẹ́ ń jókòó tì yín, tó ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, títí kan ìpolówó ilẹ̀. Bó bá fo èyí, ẹ máa mọ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí awakọ̀ tó wá ra epo níbí sọ fún yín. Ó ní òun rí mi ní ìdájí lójú ọ̀nà Òde-Ayé, mò ń sáré, n kò wọ bàtà, òógùn bò mí. Ó ní ẹ̀rù ba òun, òun sì wakọ̀ òun kọjá láìkí mi. Àdùkẹ́ ní láti ọjọ́ yẹn ni ẹ kò ti fọwọ́ kan awọ. Ó ní ẹ̀ ń sọ pé bí ọmọ aránbàtà bá ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré nílẹ̀ onílẹ̀, ta ló tún máa gbé ẹsẹ̀ fún yín wọ̀n nílé? Ẹ tún ránṣẹ́ sí mi pé àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹ ní kí n sọ ohun tó ń lé mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa rán àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wá gbé mi.

Orí mi kò dàrú, Bàbá. Ó rẹ̀ mí ni.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń dúró nídìí òṣùwọ̀n ní ilé iṣẹ́ epo. Wọ́n á já ìdì ẹyìn sílẹ̀, màá wọ̀n ọ́n, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbẹ̀ á ní mo rẹ́ òun jẹ, ọ̀gá á ní mo gbè sẹ́yìn àgbẹ̀. Òjò ibí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé. Bàtà tí mo bá bọ́ lálẹ́ kì í gbẹ tí ilẹ̀ fi máa mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni màá tún ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí mo bá délé, màá ro púpurú, oúnjẹ tí àwọn ará ibí ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, màá sì dá a jẹ. Púpurú ti mọ́ mi lára. Ìdájẹ ni kò tíì mọ́ mi lára.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni bàtà tí ẹ ṣe fún mi kẹ́yìn là ní ẹ̀gbẹ́ kan níbi iṣẹ́. N kò fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín fún aránbàtà mìíràn. Mo bọ́ ọ, mo gbé e há abíyá, mo sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé lórí iyanrìn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo wọlé tán ni mo tó rí i pé n kò di ògiri mú kí n tó gun àtẹ̀gùn. Orúnkún tó ti ń dùn mí láti ọdún méjì dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sùn bí ọmọdé.

Ni mo bá ń ṣe é láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má rò pé ó dùn o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ wọ̀ mí ní gìgísẹ̀. Onílé mi ló fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, tó fi àdí pa á. Ìyá Ìjọ là ń pè é, Aládùúrà ni. Àwọn kì í wọ bàtà bí aṣọ funfun bá ti wà lọ́rùn wọn. Ó bi mí pé ìjọ wo ni mo dara pọ̀ mọ́ tí n kò sọ fún òun. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní sọ fẹ́nì kan.

Ó sọ ọ́. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ sọ abọ́ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n gbàdúrà fún òun. Mo ní òṣùwọ̀n ni mò ń dì mú, n kì í ṣe wòlíì. Ó ní wòlíì tòótọ́ kì í jẹ́wọ́. Mo gbàdúrà, kí ló kù tí n bá ṣe? Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́ta ló dúró dè mí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, Bàbá. Àwọn tó fẹ́ àdúrà ni mò ń sá fún! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ rántí páálí tó wà lórí ìṣó nínú ìsọ̀ yín. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ níbí, ẹ ní kí n gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ fi bírò yí i ká, ẹ kọ orúkọ mi sí i. Òun lẹ fi ń gé awọ bàtà mi lọ́dọọdún, tí ẹ ń fi bàtà náà rán awakọ̀ sí mi. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà lórí páálí yẹn. Mo ti pé méjìléláàádọ́ta. Ìdúró ti sọ ẹsẹ̀ mi di gbàgàdà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni bàtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lẹ́sẹ̀. Ní èṣí, èékánná ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì pè pé ṣé ó bá mi mu, mo ní ó bá mi mu wẹ́kú. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ọwọ́ yín kò yẹ̀, Bàbá. Páálí ló ti gbó, èmi ni mo sì jẹ́ kó gbó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo ti wálé. Nígbà tí a sin Ìyá Àgbà, ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, ìdájí ni mo lọ, n kò bọ́ bàtà lójú yín. Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń wí. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àjò mi ò tiẹ̀ dùn. Ohun tó ń lé mi nìyẹn.

Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá gbé mi. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mò ń bọ̀ nípárí oṣù yìí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ kí àwọn alájọṣiṣẹ́ yín lọ́jà. Olúwa á dá ojú yín sí, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ dákun, ẹ padà sídìí awọ. Ẹ wá páálí tuntun sílẹ̀, èyí tó fẹ̀. Kí Àdùkẹ́ má bá yín di bírò mú o, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi yí i ká, bó ti wù kó pẹ́ tó. Màá dúró jẹ́ẹ́. N kò ní sáré.

Èmi ni ọmọ yín,
Lájídé