Kánfáàsì Funfun

Houston, Sátidé, 13 oṣù kẹwàá, 1984

Ó rẹ̀ mí. Kánfáàsì mẹ́fà ni mo wọ̀ bọ́ lónìí ní mall. Bí mo bá ti ki ìtẹ́lẹ̀ líle tí dókítà ṣe fún mi nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí bọ inú wọn, gìgísẹ̀ mi á yọ síta. Obìnrin tó ń tà á ló ní kí n kọ́kọ́ yọ ìtẹ́lẹ̀ tó bá bàtà wá. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi mu. Funfun ni mo mú, kó lè bá sùtánà mi lọ.

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ lásán sì la fi ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo gbé kánfáàsì náà lọ bá Wòlíì wa. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, funfun ni.”

Wọn ò tiẹ̀ wo inú páálí. “Brother Délé, ṣé wọ́n bi Mósè pé àwọ̀ wo ni bàtà ẹ̀?”

Mo gbé páálí mi padà sílé.

Nínú mọ́tò, ní ọ́fíìsì, orí ìjókòó ni mo máa ń wà. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń dúró fún wákàtí mẹ́rin, lórí sìmẹ́ǹtì.

Bàtà bá mi mu, ibi tí màá wọ̀ ọ́ lọ ni kò sí. Síbẹ̀, mo ti lọ sùtánà ọ̀la sílẹ̀.