Ohun tí Ìyàwó Jùwọ́n Fẹ́ Fún Mi

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta, 2025.

Ìfẹ́olúwapọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ inú rẹ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Ìlọrin. Ara bàbá rẹ náà le. Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Bí mo bá kọ ìlà méjì, n ó tún dìde. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò ní lè sọ ọ́ tán.

Mo ti ń sọ fún ọ pé inú ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ eyín mi nínú oṣù kẹjọ, tí mo lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méje, ni ìgbẹ́ gbuuru ti mú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Bí oògùn bá ti tán, kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń padà. Mo ti rù débi pé ìró ń yọ́ bọ́ ní ìdí mi. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ni n kò lọ sí ìsìn, kí ojú má baà tì mí láàárín ìjọ.

Dókítà ní oògùn ti pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun mi, ni èyí tí kò dára fi ráàyè. Ó ní ohun tó kù ni kí wọ́n gba ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí wọ́n pò ó, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí dà á sínú ìfun mi. Bàbá rẹ ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ta ni yóò fún mi? Bàbá rẹ ti dàgbà jù. Jùwọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn apakòkòrò tán. Ìwọ lóyún. Ibi tí a ti ń rò ó ni Àtinúkẹ́ ìyàwó Jùwọ́n ti wọlé láti Ṣàgámù, òun nìkan.

O mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ ṣe rí. Nítorí pé Mùsùlùmí ni, tí bàbá rẹ̀ sì ń wa mọ́tò ní oríta, n kò lọ síbi ìgbéyàwó wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dá abọ́ oúnjẹ rẹ̀ padà láìṣí i. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ti sọ fún mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò." Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ká ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ ò ní kọ̀ ọ́. Èyí kò tiẹ̀ ní dùn mí." Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ẹkún tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí àrùn kankan. Wọ́n ní ká wá ṣe é ní Ọjọ́rú. Lánàá mo pè é, mo ní kó forí jì mí. Ó ní, "Ohun tí ẹ ṣe dùn mí gan-an, Mà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Ọjọ́rú ná." Kò sọ pé ó ti tán. N kò lè dá a lẹ́bi.

Ọ̀la ni Ọjọ́rú. Omi nìkan ni mo lè mu lónìí, pẹ̀lú oògùn tó ń fọ ìfun. Ìdí tí mo fi ń dìde nìyẹn. Dókítà ní ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sọ pé gbogbo ènìyàn.

Ìfẹ́, nítorí tèmi ni ìwọ náà kì í fi í kí i. Èmi ni mo kọ́ ọ. Jọ̀wọ́, pè é. Má ṣe tìtorí ìgbẹ́ pè é. Kàn béèrè bó ṣe jí.

Olúwa yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ilé rẹ kò ní tú.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í yé ronú rẹ,
Ellen Olúsànyà.

Àfikún, Ọjọ́bọ̀: Wọ́n ti ṣe é. Dókítà ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí a tó lè sọ pé ó ti lọ. Láti àná, n kò tíì sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi Àtinúkẹ́ pé kí ló jẹ́ sí mi. Ó kọ́kọ́ wo ojú mi. Èmi ni mo dáhùn: "Ìyàwó ilé wa ni."