Ẹni Tó Ń Bá Mi Bọ́ Tìẹńkọ́

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàyì 1984

Tìẹńkọ́ ò jẹun. Ọjọ́ iṣẹ́ kẹta rèé. Mo po ẹ̀kọ mọ́ omi ẹja, mo ṣa egungun wínníwínní kúrò, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dà bí oúnjẹ ọmọ-ọwọ́ — ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ajá ọdún mẹ́wàá tí kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu rẹ̀, méjì ń mì. Mo rò pé àìsàn ni, àfìgbà tí mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó yó!

Ta ló ń bọ́ ọ nígbà tí mo bá wà níwájú àwọn ọmọ iléèwé? Àsìkò tí èèyàn ń tò láti àárọ̀ nítorí ṣúgà, tí sójà ń fi kòbókò tún ìlà ṣe — ta ló rí oúnjẹ ta ajá ẹlòmíràn lọ́rẹ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàyì

Sewanu ni mo fura sí. Aládùúgbò wa, ará Ajido, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Látìgbà tí a ti kó dé láti Ìkẹ́rẹ́ ló ti gbà pé orúkọ ajá yìí, òun la fi ń bá wí. Tìẹ ńkọ́? Kò mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo fi fèsì fún, àwọn tó ń bi mí léèrè ọmọ. Ọdún kejìlá tí a fẹ́ra nìyí. Wọn ò tíì yéé béèrè.

Mo ya ẹnu ajá náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹnu jíjẹrà, bẹ́ẹ̀ ni — àmọ́ ẹja wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fún ajá ní májèlé, oúnjẹ dídùn ni í kọ́kọ́ fi bá a dọ́rẹ̀ẹ́.

Ọjọ́rú, 9 Máàyì

Mo so ó mọ́ igi kí n tó jáde. Nígbà tí mo dé, okùn nìkan ni mo bá. Kò já. Wọ́n tú u ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Máàyì

Mo kò Sewanu lójú nídìí ààrò rẹ̀. Ó gbọ́ mi parí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Nọ̀ví," — báyìí ló ń pe gbogbo èèyàn, ọmọ ìyá ni lédè Ẹ̀gùn — "ẹja tí mi ò rí jẹ yó, ajá ni mo máa fún?" Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù: "Ajá tìẹ, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ láràárọ̀. Òun àti ọkọ ẹ. Gberefu tó wà lódìkejì ọ̀sà ni wọ́n ń lọ."

Mo ní irọ́ ni. Ọ́fíìsì Akọ̀wé wà létí títì, kò dé ibi omi rárá. (Akọ̀wé ni mo ń pe Láńre ọkọ mi nínú ìwé yìí. Kò mọ̀.)

Ó dé nírọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ fún un. Mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Iyanrìn wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Máàyì

Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Funfun, ó wọ̀ ọ́ látọjọ́ Ajé — ọrùn rẹ̀ ò dọ̀tí. Nínú oòrùn yìí? Ṣé ó ń bọ́ ọ sílẹ̀ ni? Níbo? Lójú ta? Mo da àpò ṣòkòtò rẹ̀, fùlùfúlù èèpo àgbọn ló jábọ́.

Àná Sátidé pàápàá, ó de táì, ó ní wọ́n ní kí àwọn wá. Látìgbà wo ni ìjọba tó ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ tún ń bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ ní Sátidé?

Obìnrin kan wà ní Gberefu. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i kà. Obìnrin tó ń dáná, tó mọ bí a ṣe ń rọ oúnjẹ fún ajá tí kò léyín. Bóyá ó ti bímọ fún un. Ó sì fi ajá mi ṣe alábàárìn lọ síbẹ̀!

Ọjọ́bọ̀, 17 Máàyì

Mo béèrè bí ọ́fíìsì ṣe rí. Ó ní iṣẹ́ pọ̀, pé àwọn tó kù ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn tí wọ́n lé. Kò gbójú sókè. Nígbà tó gba omi lọ́wọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ha mí. Bírò wo ló ń sọ ọwọ́ èèyàn dà bí èèpo igi?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Máàyì

Mo tẹ̀ lé wọn.

Mo ró ìró àtijọ́, mo fi gèlè bojú, mo wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìjà ni mò ń tò lẹ́nu títí a fi gúnlẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin láàárín igi àgbọn. Mo yọjú lẹ́yìn ahéré kan — ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ àti ẹja fún àwọn lébìrà ni.

Àárín àwọn lébìrà ni Akọ̀wé wà. Ṣẹ́ẹ̀tì àti táì rẹ̀ wà lórí ẹ̀ka igi, ó ká wọn dáadáa. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Ó ń gbá àgbọn mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó ń fà á ya. Ọkùnrin tó ni oko, tí wọ́n ń pè ní Dosi, pariwo: "Akọ̀wé! Ìwé kọ́ lò ń kọ níbí o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó ra ẹja kan àti ẹ̀kọ kan. Ó jókòó sórí iyanrìn. Ó jẹ ẹja náà lẹ́nu kúnná, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí Tìẹńkọ́. Ajá náà lá a. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ajá yó ni òun fi omi mu ẹ̀kọ tó kù.

Mo ti múra ìjà. Ẹni tí mo fẹ́ bá jà ò sí níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Máàyì

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Máàyì

Mo jí dáná. Mo gún ẹja, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ, mo pọ́n ọn sí ewé méjì, mo kó wọn sínú báàgì rẹ̀. Ó de táì tán, ó gbé báàgì, ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i.

Mo ní, "Ọ̀kan ni tiyín. Tìẹńkọ́ ló ni èkejì. Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu fún un mọ́, mo ti gún un kúnná."

Ó ní, "Gbémisọ́lá, o ṣọ́ mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo rò pé obìnrin ni.

"Ì bá jẹ́ obìnrin," ó ní, "ì bá rọrùn fún mi láti sọ." Oṣù Kẹta ni wọ́n ti fún un ní lẹ́tà pé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní láràárọ̀ lòun ń pinnu pé òun á sọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ó ní látìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ajá náà ò jẹ́ kóun dá lọ mọ́, pé bóun bá fi í sílẹ̀, ńṣe ló ń hu lórí okùn.

Mo sunkún. Inú sì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí.

Ó tú táì. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wọ péńpé, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ní agogo méje tí gbogbo àdúgbò ń lọ síbi iṣẹ́, ajá lẹ́yìn rẹ̀. Sewanu ń gbálẹ̀. Mo gbọ́ tó ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Ibo lẹ wá ń lọ báyìí?"

Ó yíjú sí i. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì náà mú.

"Gberefu ni," ó ní. "Mò ń lọ bó àgbọn."